Wákàtí mélòó láti Àjàṣẹ́ dé Montréal? Bí ẹ ṣe máa kà á fúnra yín

Ìbéèrè kan ni àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú nítòsí ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ wa, ìyẹn Porto-Novo ní Benin: "Tàǹtí, wákàtí mélòó ni ọmọ mi máa lò lókè?" Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ni pé wákàtí mẹ́rìnlá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ tó bá jáde nílé ní Attakè, àdúgbò kan níbí, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó ń lọ sí Montréal, á lò tó ọgbọ̀n wákàtí kó tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ ní yàrá tó máa sùn. Níbo ni wákàtí mẹ́rìndínlógún yòókù wọlé sí? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kà nìyẹn, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò bójú mu, ìyá tó wà nílé kò sì ní máa sunkún lóru nítorí pé fóònù ọmọ kò wọlé.

Montréal ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ń dárúkọ jù. Bí ibòmíràn lẹ bá ń lọ, ọ̀nà ìṣirò náà kò yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá jíjìn ọ̀nà

Ayé yípo ní nǹkan bí 40,000 kìlómítà, a sì pín yípo náà sí dígírì 360. Ẹ fi 360 pín 40,000, ẹ ó rí 111. Ẹ di nọ́ńbà yìí mú dáadáa: dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé, láti gúúsù lọ sí àríwá, 111 kìlómítà ni.

Pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu tó wà ní Cadjehoun, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin pè, wà ní dígírì 6.36 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Roissy-Charles de Gaulle ní Paris wà ní dígírì 49.01. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òró kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù: Kútọnu wà ní dígírì 2.38 sí ìlà oòrùn, Roissy sì wà ní 2.55. Ẹni tó bá dúró ní Cadjehoun tó kọjú sí àríwá gan-an, Paris ló kọjú sí. Ẹ yọ 6.36 kúrò nínú 49.01, 42.65 ló kù. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 111, ọ̀nà náà ti wà lọ́wọ́ yín láìlo íntánẹ́ẹ̀tì: ó lé díẹ̀ ní 4,730 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá tọ ìlà yẹn máa gba ẹ̀gbẹ́ Niamey kọjá, á la ìlà oòrùn Mali àti aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, á kọjá nítòsí ìlú Algiers, á fo òkun dé ẹ̀bá Barcelona, lẹ́yìn náà ló máa wọ Faransé.

Àmọ́ ọkọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà tọ ìlà yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ológun Niger ti ojú òfuurufú orílẹ̀-èdè wọn pa, àwọn ọkọ̀ tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ sí Yúróòpù ní láti yà, wákàtí ìrìn sì gùn sí i. Nítorí náà, ẹ ka jíjìn tí ẹ bá rí sí èyí tó kéré jù tí ọkọ̀ lè rìn.

Montréal kò sí lórí ìlà wa. Dígírì 45.47 ni sí àríwá, 73.74 sí ìwọ̀ oòrùn. Ibí ni àwòrán ayé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ti máa ń tan ènìyàn jẹ, torí ohun tó rí róbótó ni wọ́n tẹ́ sórí bébà pẹlẹbẹ. Ẹ wá àwòrán ayé oníbọ́ọ̀lù, ẹ na òwú láti Kútọnu dé Montréal, kí ẹ fà á kó le dáadáa. Ibi tí òwú bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Ẹ ṣe bákan náà láti Paris dé Montréal, ẹ ó rí i pé òwú máa gòkè dé nǹkan bí dígírì 54 kó tó sọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlú méjèèjì kò sí èyí tó dé àádọ́ta. Nítorí náà, tí ọmọ yín bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú àga rẹ̀ pé ọkọ̀ ń forí lé òkè, kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà àbùjá ni awakọ̀ ń gbà.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó wà ní terminale, ìyẹn kíláàsì àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, ní lycée Béhanzin tàbí níbòmíràn, ẹ ní kó ṣe ìṣirò yìí fún yín, d ni jíjìn náà ní dígírì: cos d = sin 6.36 × sin 45.47 + cos 6.36 × cos 45.47 × cos 76.12. Àròpọ̀ 2.38 àti 73.74 ló bí 76.12 yẹn, torí ìlú kan wà ní ìlà oòrùn, èkejì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Tí àwọn méjèèjì bá wà ní apá kan náà, yíyọ lẹ máa yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Kó rí i dájú pé dígírì ni ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ wà. Ó máa rí 0.246, ìyẹn sì jẹ́ dígírì 75.75. Ìlọ́po 111 rẹ̀ ni nǹkan bí 8,400 kìlómítà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìṣirò lè ṣí Google Maps lórí fóònù, kó tẹ Kútọnu mọ́lẹ̀ títí àmì pupa á fi hàn, kó yan ibi tí wọ́n ti ń wọn jíjìn, kó wá fa ìlà náà dé Montréal.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì yọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó ń gbéra ní Kútọnu tó ń lọ tààrà sí Montréal. Ẹ ní láti gba Paris, tàbí Brussels, tàbí Casablanca, tàbí Istanbul. Láti Paris sí Montréal, ó lé díẹ̀ ní 5,500 kìlómítà. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ 4,730, ó di nǹkan bí 10,250. Bí òwú ṣe fi 8,400 hàn yín, 10,250 lẹ máa rìn.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí jù tí mo bá ń kà á fún àwọn ìdílé Àgùdà wa, àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Bùràsíìlì, tí ilé baba ńlá wọn sì ṣì dúró ní àárín ìlú. Láti Kútọnu sí Salvador ní Bahia, ní Bùràsíìlì, nǹkan bí 5,000 kìlómítà péré ni. Ó fi díẹ̀ ju ti Paris lọ. Àmọ́ kò sí ọkọ̀ tààrà. Ẹni tó bá gba Paris lọ máa gòkè lọ sí àríwá ná, kó tó tún sọ̀kalẹ̀ kọjá ìlà agbedeméjì ayé, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bí 12,700 kìlómítà, ìlọ́po méjì ààbọ̀ ó lé. Ìlú tí ìran àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wa ti ṣẹ̀ wá, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia láti iwájú, yẹ kó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alálàájì ní tiwọn rọ́wọ́ mú: Jeddah tó nǹkan bí 4,300 kìlómítà sí Kútọnu, ó sún mọ́ wa ju Paris lọ, ọkọ̀ Hájì sì lè gbé wọn lọ tààrà.

Láti kìlómítà sí wákàtí

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá tó bá ti dé òkè máa ń sá nǹkan bí 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. 850 ni èmi máa ń lò, torí ó dára kí ènìyàn ka wákàtí jù ju kó dín in kù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú kún un fún rírìn nílẹ̀, gígòkè àti bíbọ̀ wálẹ̀. Kútọnu sí Paris: 4,730 tí a fi 850 pín jẹ́ wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú bíi márùndínlógójì. Ẹ fi ogójì ìṣẹ́jú kún un, ó di wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí i.

Paris sí Montréal ń fẹ́ àfikún kan. Afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ní ibi gíga bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí méjìlá, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ó lè sá ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí, ó sì máa ń le sí i nígbà òtútù. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà ń kọjú sí i, ẹni tó ń bọ̀ ń rí i ní ẹ̀yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìṣirò bá fún yín máa di nǹkan bíi méje àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nígbà àlọ, kó sì di nǹkan bíi mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú nígbà àbọ̀. Ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ kan náà. Láti Kútọnu sí Paris, afẹ́fẹ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, torí gúúsù sí àríwá là ń lọ, ó kàn ń gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Aago ìlú, aago ìrìn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ oòrùn nìkan là ń tẹ̀ lé, aago wa ì bá dọ́gba pẹ̀lú ti Lomé àti Accra, nítorí dígírì méjì péré la fi kọjá ìlà òró ti Greenwich, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago ayé. Ṣùgbọ́n aago kan náà ni Benin ń lò pẹ̀lú Nàìjíríà àti Niger, wákàtí kan ṣíwájú Greenwich. Ẹni tó ń kí ìrun Àílà ní Àjàṣẹ́ ti mọ èyí tipẹ́: oòrùn kì í yẹ̀ kúrò ní àtàrí ní aago méjìlá, ó máa ń sún mọ́ aago kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ wọkọ̀ ní Lomé nítorí owó, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bí ẹ bá ti kọjá Hillacondji, ẹnu ibodè wa pẹ̀lú Togo, aago yín ti lọ sẹ́yìn ní wákàtí kan, aago Lomé ló sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ti Lagos, aago wa kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ibodè Kraké kò ṣeé kà. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣírò wákàtí tó máa lò níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó lọ sùn sí Lagos ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwa kì í yí aago padà láàárín ọdún. Paris ń yí i, Montréal náà ń yí i. Nígbà òtútù, aago Paris dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, Paris fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Montréal wà lẹ́yìn wa ní wákàtí mẹ́fà nígbà òtútù, ó sì di márùn-ún láti ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí Kánádà ń yí aago tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Faransé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń wà láàárín rẹ̀ tí àṣírò á bá ẹni tó kàn ń há a sórí.

Gbogbo wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ọkọ̀ wà ní àkókò yẹn ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan nígbà òtútù. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ pé ọkọ̀ gbéra ní COO, ìyẹn Kútọnu, ní 23:00, ó dé CDG, ìyẹn Roissy, ní 05:20, wọ́n sì fi +1 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì yẹn túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ti mọ́, ọjọ́ kejì ni. Ọkọ̀ kejì gbéra ní CDG ní 13:00, ó dé YUL, ìyẹn Montréal, ní 14:45. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Áà, láti Paris sí Kánádà, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré!" Rárá o. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di aago Àjàṣẹ́ kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. 14:45 ní Montréal, tí ẹ bá fi wákàtí mẹ́fà kún un, jẹ́ 20:45 lọ́dọ̀ wa. Láti 23:00 alẹ́ àná dé 20:45 alẹ́ òní jẹ́ wákàtí mọ́kànlélógún àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Nínú rẹ̀, nǹkan bí mẹ́rìnlá wà lókè, méje àti ogójì ìṣẹ́jú wà ní ìjókòó Roissy.

Ìdúró láàárín ọ̀nà

Ìdúró yìí ni kí ẹ fojú sílẹ̀ wò dáadáa tí ẹ bá ń yan tíkẹ́ẹ̀tì, torí òun ló ń gun, òun náà ló ń ba nǹkan jẹ́. Wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ni mo fẹ́ràn ní Roissy. Ibẹ̀ gbòòrò, wọ́n á tún yẹ ara àti ẹrù ọwọ́ wò, nígbà mìíràn ọkọ̀ ojúrin kékeré ló máa gbé ènìyàn láti ilé kan sí òmíràn. Èyí tí kò bá tó wákàtí méjì, èmi kì í tà á fún ẹni tó ń rìnrìn àjò fún ìgbà àkọ́kọ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ fúyẹ́ tó. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru lè dá ọkọ̀ dúró ní Kútọnu, ìdádúró díẹ̀ níbí á sì gbé ọkọ̀ Montréal lọ mọ́ ọmọ lójú.

Ẹ ka orúkọ pápákọ̀ òfuurufú lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ kan lè gúnlẹ̀ sí Orly tó wà ní gúúsù Paris, kí èkejì gbéra ní Roissy tó wà ní àríwá. Ẹni tó bá bọ́ sí irú ìyẹn ti gbọ́dọ̀ jáde wọ ìlú Faransé, físà Kánádà nìkan kò sì tó fún un mọ́. Ẹ tún bèèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni tàbí méjì tí wọ́n so pọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, báàgì á lọ tààrà, bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa wá ọkọ̀ mìíràn fún un. Tó bá jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọrùn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lè di ìlọ́po méjì ní Paris. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé sí ẹnu ọ̀nà ilé

Láti Àjàṣẹ́ sí Cadjehoun lé ní ọgbọ̀n kìlómítà. Ẹ ó kọjá afárá ọ̀sà wa, ẹ ó gba Sèmè àti Ekpè, ẹ ó sì tún sọdá afárá Kútọnu, torí apá kejì ìlú ni pápákọ̀ òfuurufú wà. Ní òru, kò tó wákàtí kan. Nígbà tí ọ̀nà bá dí, ẹ ka méjì. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ ti wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ti kàǹtà ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọkọ̀ 23:00 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, tí ẹ bá tún fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí takisi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àdúrà àwọn àgbà, fọ́tò, ẹkún ìyá, gbogbo wọn kí ó ti parí kí aago márùn-ún tó lù.

Ní Montréal, ẹ fi wákàtí méjì sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ Kánádà fún ìgbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tẹ ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ fún un, ìlà sì máa ń gùn. Kó má fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́tà àṣẹ sínú báàgì ńlá, ọwọ́ ni kó fi mú wọn. Tí kò bá sí ẹbí tó wá pàdé rẹ̀, bọ́ọ̀sì 747 ń lọ sí àárín ìlú tọ̀sán-tòru, ó sì lè tó wákàtí kan.

Ìyá tó wà nílé, ẹ kọ wákàtí mẹ́ta yìí sára kàlẹ́ńdà, ní aago Àjàṣẹ́: 05:20, ó gúnlẹ̀ sí Paris, 20:45, ó gúnlẹ̀ sí Montréal, nǹkan bí 23:30, ó délé. Láàárín 13:00 sí 20:45 fóònù rẹ̀ kò ní wọlé. Ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tó bá sì ti dé, ẹ má pè é ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ lẹ́yìn ìrun tàbí àdúrà yín, ọ̀gànjọ́ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró di aago kan ọ̀sán, aago méje òwúrọ̀ ni nígbà náà, ó ti jí.

Nígbà tó bá ń bọ̀ wálé, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yà Paris sí Kútọnu, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Flightradar24 lórí fóònù, ètò tó ń fi ibi tí ọkọ̀ dé hàn. Lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, àwòrán ọkọ̀ lè pòórá fún ìgbà díẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń gba ìró rẹ̀ nílẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má fòyà. Ó máa tún yọ. Tí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀gangan Malanville, ìlú wa tó wà ní ibodè Niger, ó ku nǹkan bí 620 kìlómítà, kò sì ní pẹ́ tó wákàtí kan kó tó balẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ kúrò ní Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá fi máa dé Cadjehoun, ó ti gba òǹtẹ̀, ó ń dúró de báàgì rẹ̀.